Wọ́n ń yọ owó adójútòfò lórí oṣù tiwa náà

Sí Olóòtú,

Ẹnì kan kọ lẹ́tà sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà kó gba ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ ètò adójútòfò ìlera lẹ́nu, kó máa fi owó ara rẹ̀ tọ́jú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́ níbí. Mo ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ rí fún àbúrò mi obìnrin nígbà tó bímọ. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni ìyàwó mi, ọdún 22 la sì ti jọ wà láìjà lórí ẹ̀sìn. Lọ́dún tó kọjá ni fáíbírọ́ìdì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tán. Àǹkárá ló ń tà l'Ọ́jà Ọba; ó dé ibi pé kò lè gbé ìdì aṣọ kan ṣoṣo mọ́. Dókítà ní PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, kò ju 22 lọ, kó gba ẹ̀jẹ̀ kí àwọn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìyàwó mi fa káàdì rẹ̀ yọ nínú báàgì, èyí tó ti fọwọ́ sí pé òun kò gba ẹ̀jẹ̀, ó sì rọra fi lé orí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Èmi ni mò ń gbọ̀n. Ọlọ́run bá wa ṣe é, dókítà náà kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní ọ̀nà mìíràn wà: abẹ́rẹ́ áyọ́ọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣe ẹ̀jẹ̀ tó tó, ká tó wá dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Mo mú ìwé náà lọ síbi tí àwọn adójútòfò jókòó sí. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fi bíírò tọ ìwé wọn, èyí tí wọ́n kọ àwọn ìtọ́jú tí wọ́n ń san owó rẹ̀ sí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀jẹ̀ wà níbí, abẹ́rẹ́ yìí ni kò sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni Màámi fẹ́ gbà, a máa san án.” Mi ò bá a wí, ohun tí wọ́n kọ fún un ló kà. Owó àjọ tí ìyàwó mi ń dá lọ́jà la fi ra abẹ́rẹ́ náà, N148,000.

Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ ohun tó wu èèyàn ló ń ṣe, à bá ní kó fi sílẹ̀. Abala 38 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa sì fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀sìn àti ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Lọ́dún 2001, nínú ẹjọ́ Dókítà Okonkwo, tí wọ́n fìyà jẹ torí pé kò fún aláìsàn tó kọ ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá dókítà náà láre: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Kí ló wá dé tí ìwé adójútòfò fi dà bíi pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí láyé?

Ẹ̀rí ọkàn ní ààlà, mo gbà. Lọ́dún 2019 ilé ẹjọ́ kan náà fara mọ́ ọn pé wọ́n fún ọmọ ọwọ́ kan lẹ́jẹ̀ láìka pé ìyá rẹ̀ kọ̀ sí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, ọmọ yẹn kò tíì lè yan ẹ̀sìn. Mo sì mọ ẹjọ́ Hobby Lobby ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014, tí àwọn onílé-iṣẹ́ ní ìgbàgbọ́ àwọn kò gbà kí adójútòfò àwọn òṣìṣẹ́ wọn san owó àwọn ìfètòsọ́mọbíbí kan, tí adájọ́ 5 nínú 9 sì gbè wọ́n. Ìyẹn kò bá mi lára mu, torí ara òṣìṣẹ́ ni ìgbàgbọ́ ọ̀gá lọ ń pàṣẹ lé lórí. Ara tirẹ̀ nìkan ni ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀ lé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ìwé náà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ abẹ́rẹ́ áyọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí dókítà àti aláìsàn jọ yan èyí tí wọ́n bá fẹ́.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. Ìyàwó mi ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Owó oṣù mi wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n sì ti yọ owó adójútòfò kúrò nínú rẹ̀.

Olùkọ́ kan,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́