Kí a tó pe lésà ní iná, ẹ jẹ́ ká bi í bó ti ń pẹ́ tó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ láti Ìjerò, tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí, ni mo fẹ́ fèsì sí. Ó gba àwọn àgbà nímọ̀ràn pé bí dókítà bá ní òun fẹ́ fi lésà (ìmọ́lẹ̀ alágbára tí ẹ̀rọ ń darí sójú kan) tọ́jú glaucoma, àìsàn ojú tó ń jí ìríran lọ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n gbọn aṣọ wọn kí wọ́n máa lọ sílé, nítorí iná ni lésà, iná kì í sì í bá ojú ṣọ̀rẹ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ káàkiri ní Ọjà Ọba, Adó. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ní Ìkéré gbọ́ ọ, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Ojú rẹ̀ ọ̀tún kò ríran mọ́ báyìí.

N kò ní bá ẹ̀gbọ́n tó kọ lẹ́tà náà jà. Lésà lè jó ojú lóòótọ́. Àmọ́ wọn kò béèrè bó ti máa ń pẹ́ tó lára ibi tó bá bà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Olùkọ́ físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè yìí máa ń ṣòro fún àwọn ọmọ kíláàsì, ká má tíì sọ ti àgbàlagbà.

Ẹ wo obìnrin tó fẹ́ gún iyán. Iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti orí iná bọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ omi tútù, ó mú iṣu, ó sì ti jù ú sódó kí ooru tó ráyè wọ awọ rẹ̀. Bó bá di iṣu yẹn mú títí a fi ka ení dé ẹ̀wá, ọwọ́ yóò bó. Iṣu kò yí padà, ooru rẹ̀ kò dín.

Nígbà tí Anderson àti Parrish, oníṣègùn awọ ara méjì ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 1983, ohun tí wọ́n fi ìṣirò gbé kalẹ̀ kò jìnnà sí èyí. Gbogbo nǹkan tó bá gbóná ló ní iye àkókò tó fi ń pín ooru rẹ̀ fún ohun tó yí i ká, bó bá sì ṣe kéré tó ni àkókò náà ṣe ń kúrú tó. Fún hóró dúdú kékeré tó ń fún ara wa ní àwọ̀, nǹkan bíi màíkírósẹ́kọ́ǹdì kan ni. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000,000, ẹ mú ìdá kan níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kò sí ohun tó ń yára jù ú lọ láyé, kò lè rìn ju nǹkan bíi 300 mítà lọ kí ìdá yẹn tó tán. Bí lésà bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí màíkírósẹ́kọ́ǹdì yẹn tó pé, inú hóró dúdú yẹn ni ooru yóò dúró sí. Ẹran ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wá sínú ojú. Omi kan ń sun nínú ẹyinjú, asẹ́ tín-ín-rín kan ló sì ń gbà jáde. Nínú irú glaucoma tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, omi yìí kì í rí asẹ́ náà gbà dáadáa mọ́. Á kó ara jọ, á sì máa ni iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ lára, títí iṣan náà yóò fi máa kú díẹ̀díẹ̀. Kì í dunni, ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í tètè mọ̀.

Láti 1979 ni wọ́n ti ń fi lésà argon kan asẹ́ yìí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń yìn ín lẹ́ẹ̀kan, èyí tó jẹ́ 100,000 màíkírósẹ́kọ́ǹdì. Ooru á tàn kálẹ̀, asẹ́ á jóná níbi tó bà, àpá á sì kù síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń ba ẹ̀gbọ́n wa kò ṣàdédé wá. Lésà àtijọ́ ló yẹ kó máa bà wọ́n lẹ́rù, kì í ṣe èyí tí dókítà ń sọ lóde òní.

Èyí tí Mark Latina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní àwọn ọdún 1990, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ń pẹ́ fún nánósẹ́kọ́ǹdì 3 péré ni. Kò tó ìdá kan nínú 300 màíkírósẹ́kọ́ǹdì kan. Agbára tó wà nínú ìyìn kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi mìlíjúùlù kan lọ, àmọ́ torí pé àkókò rẹ̀ kéré, bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ ní wáàtì, ó ju kílówáàtì 300 lọ. (Ibí yìí ni àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń pariwo.) Aláìsàn á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, wọ́n á kán oògùn tí kò ní jẹ́ kó dùn ún, wọ́n á fi awò kékeré kan lé ẹyinjú, ìmọ́lẹ̀ á sì máa kọ mànà títí yóò fi tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún káàkiri asẹ́ náà. Àwọn hóró dúdú tó wà nínú asẹ́ náà nìkan ló ń gbà á sára. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé ara fúnra rẹ̀ ló ń wá palẹ̀ ibẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà, tí omi á sì tún rí ọ̀nà gbà.

Kí n má fi òògùn gbogboǹṣe lọ̀ yín. Ìríran tó ti lọ kò ní padà. Agbára ìtọ́jú náà lè rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè tún un ṣe, àwọn mìíràn ṣì máa nílò oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ. Kíkúrú nìkan kọ́ ló sì ń dáàbò boni: lésà oní-nánósẹ́kọ́ǹdì tí wọ́n bá pa ojú rẹ̀ pọ̀ síbì kan máa ń fa nǹkan ya ni. Dókítà ojú ń fi í ya awọ tó máa ń ṣú sẹ́yìn awò àtọwọ́dá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ cataract (èyí tí awò inú ojú fi ń ṣú), ó sì ń ṣe é lọ́nà tó péye. Bí irú rẹ̀ bá ṣèèṣì wọ ẹ̀yìn ojú, ó lè dá ihò síbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló ni ín.

Àwọn onísáyẹ́ǹsì ti ń fi irú àkókò kéékèèké yìí sọdẹ tipẹ́. George Porter, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ rédà nínú iṣẹ́ ológun ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lo ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà ní Cambridge láti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìpòpọ̀ kẹ́míkà kó tó parí. Òun àti àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì mìíràn, Norrish àti Eigen, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1967. Ahmed Zewail, ọmọ Íjíbítì, gba tirẹ̀ ní 1999 pẹ̀lú fẹ́mtósẹ́kọ́ǹdì, tí ó jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù màíkírósẹ́kọ́ǹdì kan. Ọmọ Áfíríkà ni, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 rí i pé nǹkan bí èèyàn 5 nínú 100 àwọn tó ti lé ní 40 ọdún ló ní glaucoma, pé ẹni kan nínú márùn-ún wọn ti fọ́jú, àti pé ìba díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé àwọn ní in. Nígbà tí wọ́n fi lésà kúkúrú yìí wé timolol, oògùn glaucoma tí wọ́n ń kán sójú, ní Tanzania, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, ojú 61 nínú 100 ni lésà ṣe dáadáa fún lẹ́yìn ọdún kan. Ti oògùn jẹ́ 31. Ẹni tó bá sì ti ń ra oògùn ojú lóṣooṣù láti inú owó ìfẹ̀yìntì, tó tún ń kán an sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dípò ojú, kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó ní asthma kò tilẹ̀ gbọdọ̀ lo timolol.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú: ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Ìdó-Èkìtì, sí ti Adó, àti sí àwọn ilé ìwòsàn ojú aládàáni. Kí wọ́n béèrè bóyá argon ni lésà tó wà níbẹ̀ tàbí èyí tó jẹ́ oní-nánósẹ́kọ́ǹdì, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí wọ́n fi aṣọ bò ó sí kọ̀rọ̀, iye tí wọ́n ń gbà lórí ojú kan, àti bóyá ìbánigbófò ìlera ń san nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ìdáhùn wọn sí ojú ewé kan náà tí ẹ tẹ lẹ́tà Ìjerò sí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkéré-Èkìtì.