Lẹ́tà sí Báyọ̀ lórí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dátà

Iléṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Báyọ̀, ọmọ Ọbòkun,

Mo kí ọ kú òtútù ilẹ̀ Kánádà, mo sì kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O béèrè pé, nínú gbogbo ẹ̀kọ́ data science (ìmọ̀ bí a ṣe ń rí òye fà yọ nínú dátà) tí wọ́n tò sílẹ̀ fún ọ, èwo ni kí o kọ́kọ́ dojú kọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o fi machine learning, ìyẹn jíjẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́ nǹkan láti inú dátà, sílẹ̀ ná, kí o kọ́ bí a ṣe ń fa ìlà kan ṣoṣo gba àárín dátà kọjá, kí o sì mọ ohun tí ìlà náà kò lè sọ fún ọ.

Ilé níbí ni àpẹẹrẹ tí ó yé mi jù wà. O mọ ilé ìwòsàn Wesley Guild, níbi tí wọ́n ti bí ọ. Dókítà David Morley dé ibẹ̀ ní ọdún 1956, òun ni ó sì dá káàdì ìwọ̀n ọmọdé sílẹ̀ ní Imẹ̀sí-Ilé: wọn a gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọn a fi àmì sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dé ní oṣù tí ó wà, ìyá rẹ̀ a sì mú káàdì náà lọ sílé. Àwòṣe ni ìlà tí wọ́n ti tẹ̀ sórí káàdì yẹn, nítorí ohun tí a retí ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, tí àmì rẹ̀ sì ń gòkè, kò kó ìdààmú báni tó ọmọ tí ó sanra tẹ́lẹ̀ tí àmì rẹ̀ wá dúró sójú kan. Ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a retí àti ohun tí a rí ni mo ń pè ní àṣẹ́kù, ara rẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ wà.

Legendre, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, tẹ ọ̀nà least squares, tí a fi ń yan ìlà tí ó bá dátà mu jù, jáde ní 1805. A ó fi àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìlà tí àpapọ̀ yìí bá kéré jù fún ni a ó mú. Ìdí nìyí tí àmì kan ṣoṣo tí ó jìnnà fi lè fa gbogbo ìlà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò ṣe ìṣirò náà kí o tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò ní bi ọ́ bóyá ìlà ni ó yẹ dátà rẹ.

Francis Anscombe, onímọ̀ statistics, fi èyí hàn ní 1973 pẹ̀lú ìdì dátà mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì 11, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà méjì, x àti y. Àròpín x jẹ́ 9 nínú gbogbo wọn, ti y jẹ́ 7.5, correlation wọn (bí x àti y ṣe ń bá ara wọn rìn tó) tó nǹkan bí 0.816, ìlà kan náà ni regression, ìyẹn ìṣirò tí ń fa ìlà, sì fà fún wọn. Yà wọ́n sórí ìwé wàyí: èkíní tẹ̀lé ìlà, èkejì tẹ̀ bí ọrun, ẹ̀kẹta ní àmì kan tí ó yapa, ẹ̀kẹrin sì ní àmì mẹ́wàá tí wọ́n tò lórí ara wọn, tí ẹyọ kan yòókù lọ dá dúró lọ́nà jíjìn. Wọ́n wà nínú R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà tí a kì í sanwó fún, lábẹ́ orúkọ anscombe.

Probability, ìyẹn ìṣirò bí ó ti ṣeé ṣe tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀, ni kí o fi tẹ̀lé e. Ní ti ìwé-ẹ̀rí olówó gọbọi tí o dárúkọ, èmi kò rò pé ó tọ́ sí ìkánjú.

Nígbà tí o bá fa ìlà àkọ́kọ́ rẹ, àwòrán àṣẹ́kù rẹ̀ ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe R-squared, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ń sọ bí ìlà ṣe bá dátà mu tó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Adéọlá.