Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn mi kí wọ́n tó fún mi ní nótíìsì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ti náìtì dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo bá lẹ́tà káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ilé tí mo ń gbé, tí wọ́n ti gba ihò ilẹ̀kùn sọ sílẹ̀. Mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo fi já a. Nótíìsì ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ilé àwọn, nítorí pé èmi àti àwọn ọmọ mi ń hu ìwà tó ń ni aládùúgbò lára. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé fúláàtì yìí ní gúúsù London, mi ò jẹ gbèsè owó ilé rí. Kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ́fíìsì náà tó kan ilẹ̀kùn mi kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ojú ewé mẹ́ta ni wọ́n fi to ẹ̀sùn náà. Ìró ẹsẹ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìlù lílù, aago mẹ́fà ìdájí. Ọmọ ń ké. Ta ló rojọ́? Wọn kò sọ. Ìlù tí wọ́n ń wí yẹn, ọmọ mi ọkùnrin ni. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì máa sọ̀rọ̀. Òtísìmù ni àwọn dókítà pè é. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á máa fò sókè. Bí nǹkan bá ń ni ín lára, á máa fi ọwọ́ gbá ògiri. Ìwé dókítà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ káńsù láti ọdún méjì sẹ́yìn, èmi fúnra mi ni mo mú un lọ. Òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba ro ti àwọn àkàndá ẹ̀dá mọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe. Nínú ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò mẹ́nu ba àìlera ọmọ mi rárá.

Èyí tó dùn mí jù wà ní ojú ewé kejì. Wọ́n ní a pariwo títí di òru lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, èmi àti àwọn ọmọ mi wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a ń sin ìyá mi. Òǹtẹ̀ wà nínú ìwé ìrìnnà wa. Ká ní ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, tó bi mí pé, “Màdáàmù, níbo lẹ wà lọ́jọ́ yìí?”, kò ní lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí pé fúláàtì mìíràn ni ariwo ti wá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí wọ́n fi mí ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń kọ̀wé lé ọlọ́mọ jáde nílé, wọn kò sì mọ bí àtẹ̀gùn ilé wa ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé náà. Nígbà tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti ká kápẹ́ẹ̀tì ẹni tó kó jáde dànù, ilẹ̀ lásán ni mo bá. Pákó pẹlẹbẹ ni agbára mi ká. Bí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹni ìsàlẹ̀ á gbọ́ ọ. Èmi náà ń gbọ́ ikọ́ ẹni òkè, mo sì mọ ìgbà tó bá tan ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé sí káńsù nípa rẹ̀. Èsì wọn ni pé ìró ìgbé-ayé ojoojúmọ́ ni, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Òfin gbè wọ́n: ní 1999, House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, dá ẹjọ́ àwọn ayálégbé kan ní Southwark àti Camden pé ìró ẹni tó kàn ń gbé inú ilé rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń gbélé kì í ṣe ìyọlẹ́nu, kò sì di dandan fún káńsù láti fi ohun tó ń dí ariwo sí ilé àtijọ́. Ó dáa. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bí ẹni òkè bá rìn lórí mi, ìgbé-ayé ojoojúmọ́ ni, bí ọmọ mi bá rìn lórí ẹni ìsàlẹ̀, ìwà jàǹdùkú ni?

Housing Ombudsman, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ayálégbé káńsù ní England, ti sọ ọ́ fún àwọn káńsù ní oṣù Kẹwàá 2022 pé kí wọ́n yé fi ojú ìwà jàǹdùkú wo ìró inú ilé lásán, kí wọ́n sì máa wo bí ilẹ̀ ilé ṣe rí kí wọ́n tó fi ilé fún ẹlòmíràn.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí. Kí wọ́n tó kọ nótíìsì kankan lórí ariwo, kí òṣìṣẹ́ kan wá ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ní aago mọ́kànlá àárọ̀ tí àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Kó jókòó sí yàrá ìsàlẹ̀, kí ọmọ mi máa rìn lókè bó ṣe máa ń rìn. Lẹ́yìn náà kó gòkè wá jókòó lọ́dọ̀ mi, kí ẹni ìsàlẹ̀ tan tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ilé ló ń ké, kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, kí fóòmù wà lábẹ́ rẹ̀, yàrá ọmọ náà lákọ̀ọ́kọ́, kó tó kan ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Owó tí wọ́n fẹ́ ná sórí kọ́ọ̀tù, ó dá mi lójú pé yóò tẹ́ yàrá mẹ́ta, yóò sì ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ ẹni ìsàlẹ̀ ló rojọ́, mi ò bá a jà. Òun náà fẹ́ sùn. Àwa méjèèjì là bá jọ jókòó sọ ọ́, ká ní ẹnì kan pè wá jọ. Kí wọ́n sì máa ka ìwé dókítà tí èèyàn bá fún wọn.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà nílé káńsù, nótíìsì kì í ṣe ìdájọ́. Mo mọ ìyá kan ní ẹ́síteètì wa tó kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ tí tirẹ̀ dé, kò tilẹ̀ dúró de kọ́ọ̀tù. Ẹ má kó jáde! Irú nótíìsì tèmi, tó wà nínú òfin ilé gbígbé ti 1985, wọ́n lè pe ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ ló máa sọ bóyá ó tọ́ kí wọ́n lé èèyàn, ó sì lè ní kéèyàn máa gbébẹ̀ lórí àdéhùn. Irú kejì tó le jù wà, ti òfin ìwà jàǹdùkú ti 2014, fún ẹni tí kọ́ọ̀tù bá ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá tàbí tó rú àṣẹ kọ́ọ̀tù. Bó bá jẹ́ irú kejì yìí ló dé bá yín, ọjọ́ méje péré lẹ ní láti sọ pé kí káńsù tún un yẹ̀ wò. Láti oṣù Kẹjọ 2023, ìjọba ń sanwó agbẹjọ́rò fún ẹni tí nótíìsì bá dé bá, wọn kò ní bi yín léèrè iye tó ń wọlé fún yín.

Mo pe àwọn agbẹjọ́rò náà ní Ọjọ́rú. Lọ́yà náà béèrè ìwé ìrìnnà wa àti ìwé dókítà, mo sì ti fi méjèèjì ránṣẹ́. Títí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, káńsù kò tíì rán ẹnikẹ́ni wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta,
Gúúsù London