Ìdí tí Amẹ́ríkà fi ń dúró ti Ísírẹ́lì: inú ilé Amẹ́ríkà ni ká ti wá a

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín gbé ìwé ìròyìn yìí jáde kú làálàá.

Láti ìgbà tí ogun Gásà ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni mo ti ń ka lẹ́tà àwọn òǹkàwé yín lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí Amẹ́ríkà, àti ará ìlú àti olóṣèlú, fi fara mọ́ Ísírẹ́lì tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn méjì ló máa ń jáde. Àwọn kan á ní owó àwọn Júù ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan á ní Jẹ́nẹ́sísì orí kejìlá ti parí ẹjọ́, pé ẹni tó bá súre fún irú-ọmọ Ábúráhámù, Ọlọ́run á súre fún un, ìbùkún yẹn ni Amẹ́ríkà ń lé. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún nílẹ̀ Yàgbà kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdáhùn méjèèjì kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Èyí àkọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti kórìíra ẹ̀yà kan. Èyí ìkejì ń mú kí wọ́n gbà pé ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣírò, pé ẹsẹ Bíbélì nìkan ló ń gbé bàálù ogun fò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Èrò tèmi ni pé inú ilé Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà. Olóṣèlú wọn tó bá dìde sọ̀rọ̀ nítorí Ísírẹ́lì, àwọn tó dìbò fún un nílé ló ń wò lójú. Ará ìlú tó sì ń pariwo lẹ́yìn Ísírẹ́lì, ìtàn ara rẹ̀ ló ń rí nínú ìtàn àwọn Júù.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1948 tí Ísírẹ́lì kéde ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè, ìṣẹ́jú 11 péré ló gba Ààrẹ Harry Truman láti tẹ́wọ́ gbà á. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé gbogbo ìjọba rẹ̀ ló fọhùn sí i. Rárá o. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni George Marshall, ọ̀gágun tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún wọn, sọ fún Truman lójúkojú pé bó bá ṣe é, tí òun bá sì máa dìbò lọ́dún náà, òun ò ní dìbò fún un. Ẹ̀rù ń ba Marshall pé àwọn Lárúbáwá tó ní epo á bínú, Rọ́ṣíà á sì ráyè wọlé.

Truman ní ọ̀rẹ́ kan, Eddie Jacobson, Júù ni. Wọ́n jọ ṣe ológun nígbà ogun àgbáyé kìíní, wọ́n sì jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọkùnrin ní Kansas City, ṣọ́ọ̀bù tó kógbá sílé ní 1922. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 1948, ọ̀rọ̀ náà ti sú Truman, ó ní òun ò fẹ́ rí aṣíwájú Júù kankan mọ́. Jacobson wọlé tọ̀ ọ́ lọ ní White House. Ó nawọ́ sí ère Andrew Jackson, ààrẹ wọn àtijọ́, tó wà nínú ọ́fíìsì náà, ó ní bí Jackson ṣe jẹ́ akọni lójú Truman, bẹ́ẹ̀ ni Chaim Weizmann, aṣíwájú àwọn Júù tó ń wá orílẹ̀-èdè tiwọn, ṣe jẹ́ akọni lójú òun, arúgbó tó ń ṣàìsàn tó sì rìn wá láti ọ̀nà jíjìn. Truman yí àga rẹ̀ sí ojú fèrèsé, ó dákẹ́ lọ. Nígbà tó máa yíjú pa dà, ó bú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì gbà láti rí Weizmann.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí pé ó jẹ́ ká rí i pé ènìyàn ni ìjọba. Ọ̀rẹ́ inú ọjà wà níbẹ̀. Ìbò oṣù kọkànlá ọdún 1948 náà wà níbẹ̀, Truman sì nílò gbogbo ìbò tó bá lè rí. Àwọn Júù tó ṣẹ́ kù wà nínú àgọ́ ní Jámánì, lẹ́yìn tí ìjọba Hitler ti pa mílíọ̀nù 6 nínú wọn. Amẹ́ríkà pàápàá kò mọ́ lọ́wọ́: ní 1939, ọkọ̀ ojú omi St. Louis gbé àwọn Júù tó lé ní 900 dé etí òkun wọn, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìtìjú yẹn ṣì wà lára ọ̀pọ̀ Amẹ́ríkà títí dòní, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ wọn nílé ìwé.

Ti Bíbélì ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, ó sì wúwo. Kí Ísírẹ́lì òde òní tó dé rárá ni àwọn Amẹ́ríkà ti ń sọ ìlú wọn ní Salem, Bethlehem, Hebron àti Canaan, torí àwọn tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ kọjá òkun lọ síbẹ̀ ka ara wọn sí ọmọ Ísírẹ́lì tó bọ́ lọ́wọ́ Fáráò. Bíbélì Scofield tó jáde ní 1909 fi àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ, ó sì kọ́ ìran kan dé òmíràn pé àwọn Júù gbọ́dọ̀ pa dà sí ilẹ̀ wọn. Ní 2006, Pásítọ̀ John Hagee dá ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni tó ń ti Ísírẹ́lì lẹ́yìn sílẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ará Amẹ́ríkà, Júù kò ju bíi méjì lọ, àmọ́ àwọn Kristẹni ajíhìnrere pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Sẹ́nétọ̀ láti ìpínlẹ̀ tí Júù ò fi bẹ́ẹ̀ sí, tó sì ń fi gbogbo ẹnu gbèjà Ísírẹ́lì, ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì ìlú rẹ̀ ló ń dá lóhùn.

Síbẹ̀ Bíbélì nìkan kọ́. Kristẹni ni Ààrẹ Eisenhower, òun náà ló sì fúngun mọ́ Ísírẹ́lì títí tó fi kúrò ní Sínáì, ilẹ̀ Íjíbítì, ní 1957. Olùkọ́ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi ni Ààrẹ Jimmy Carter, kò sì ṣe ojúsàájú nígbà tó kó Begin ti Ísírẹ́lì àti Sadat ti Íjíbítì jókòó ní Camp David ní 1978 láti parí ìjà. Ẹ tún wo ilé wa níbí. Yakubu Gowon, Kristẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ajíhìnrere, ló wà lórí àga nígbà tí Nàìjíríà já okùn àjọṣe pẹ̀lú Ísírẹ́lì ní 1973. Babangida, Mùsùlùmí, ló wà níbẹ̀ nígbà tí a tún un so ní 1992. Ní gbogbo ọdún tó wà láàárín, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì kan láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀ tó dá orin Síónì dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ owó, torí pé irọ́ àti òótọ́ ló lọ́ mọ́ra níbẹ̀. Òótọ́ ni pé AIPAC, ẹgbẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń bá Ísírẹ́lì wá ojúrere àwọn aṣòfin, lágbára. Ní 2024, àwọn tó ń náwó fún un ná ju mílíọ̀nù 14 dọ́là lọ láti lé aṣòfin kan ṣoṣo, Jamaal Bowman ti New York, kúrò nípò. Owó ńlá ni, ó sì yẹ kí àwọn ará Amẹ́ríkà máa bi ara wọn léèrè nípa rẹ̀, bí àwa náà ṣe yẹ ká máa béèrè nípa owó tí àwọn tiwa ń pín lọ́jọ́ ìbò. Àmọ́ AIPAC máa ń jákulẹ̀. Ní 1981, Ààrẹ Reagan ta bàálù aṣọ́fuurufú AWACS fún Saudi Arabia lójú wọn, ìbò 52 sí 48 nílé aṣòfin àgbà. Ní 1991, Ààrẹ Bush bàbá dá ọ̀rọ̀ ṣíṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó bílíọ̀nù 10 dọ́là tí Ísírẹ́lì fẹ́ yá dúró torí ilé tí Ísírẹ́lì ń kọ́ sórí ilẹ̀ àwọn ará Palẹstínì. Ní 2015, Netanyahu, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, fúnra rẹ̀ wá sílé aṣòfin wọn láti ta ko àdéhùn tí wọ́n ń bá Iran ṣe lórí iṣẹ́ átọ́míìkì rẹ̀, Ààrẹ Obama sì ṣe àdéhùn náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ra gbogbo ìlú kì í jákulẹ̀ báyìí. Àwọn Júù Amẹ́ríkà náà ò fi ohùn ṣọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn, ẹgbẹ́ Democrat ni wọ́n ń dìbò fún, ọ̀pọ̀ wọn kò sì fara mọ́ ìjọba Netanyahu rárá.

Ọ̀nà tí owó ń gbà gan-an, ibi tí àwọn òǹkàwé yín ń rò kọ́ ló ti ń wá. Ní 2016, Obama ṣe àdéhùn bílíọ̀nù 38 dọ́là pẹ̀lú Ísírẹ́lì fún ọdún mẹ́wàá, láti 2019 dé 2028. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó yẹn, ilé iṣẹ́ ohun ìjà Amẹ́ríkà ni Ísírẹ́lì gbọ́dọ̀ ná an sí. Fort Worth ní Texas ni wọ́n ti ń to bàálù F-35 tí Ísírẹ́lì ń gbé fò. Ẹni tó ń di bóòtù mọ́ ìyẹ́ bàálù yẹn ní iyàwó, ó ní ọmọ nílé ìwé, ó sì ní káàdì ìdìbò. Aṣòfin rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó nílò láti fún aṣòfin yẹn ní rìbá kó tó gbé ọwọ́ sókè.

Ìṣirò ogun tútù, ìyẹn ìdíje Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà, ló fi irin sí i. Kí ọdún 1967 tó dé, ohun ìjà tí Amẹ́ríkà ń tà fún Ísírẹ́lì kò tó nǹkan. Nígbà tí Rọ́ṣíà di alátìlẹ́yìn Íjíbítì àti Síríà, Ààrẹ Johnson gbà láti ta bàálù ogun Phantom fún Ísírẹ́lì, Ààrẹ Nixon sì fi bàálù kó ohun ìjà ránṣẹ́ ní 1973, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Lárúbáwá torí rẹ̀ ti ẹ̀rọ epo pa mọ́ wọn.

Èyí kò yẹ kó ṣòro fún àwa Okun, Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, láti lóye. Àwọn ológun Núpé láti Bídà kó àwọn bàbá ńlá wa lẹ́rú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, George Goldie, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Royal Niger Company, kó ọmọ ogun rẹ̀ láti Lọ́kọ́ja wọ Kàbà, àwọn ológun Núpé tó tẹ̀dó síbẹ̀ ti sá lọ, ó sì kéde pé àjàgà Bídà ti bọ́ lọ́rùn wa. Inú àwọn bàbá wa dùn, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ oníṣòwò ni Royal Niger Company, òwò orí odò Ọya ni Goldie ń lé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wa mọ́ Àríwá, ibẹ̀ náà la sì wà títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Oore ni wọ́n ṣe wá. Wọ́n sì ní ìdí tiwọn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kàbà lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ ìyá méjì bá ọ̀rọ̀ Gásà débi pé wọn ò lè jọ jẹun. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti lọ Jerúsálẹ́mù, gbogbo ìlú ló ń pè é ní JP. Àbúrò ti lọ Mẹ́kà. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tó bá lòdì sí Ísírẹ́lì, Amẹ́ríkà á fojú rẹ̀ rí nǹkan, torí Ọlọ́run ló rán wọn. Àbúrò ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa wò ó, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń pa o, àwọn Júù sì ti fowó di Amẹ́ríkà lójú.” Ìyá wọn, màmá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, ní, “Ṣé ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì mọ ẹnì kan níbẹ̀?” Kò sẹ́ni tó fèsì. Ọbẹ̀ tútù, ẹyin àti ẹran ṣẹ́ kù nínú abọ́.

Àwọn méjèèjì ń jà lórí Amẹ́ríkà tí kò sí mọ́. Ní 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pàgọ́ sí ọgbà ilé ìwé káàkiri orílẹ̀-èdè náà láti ta ko ogun Gásà, Biden sì dá ẹrù bọ́ǹbù ńláńlá kan dúró ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Gallup béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Ísírẹ́lì ni àánú wọn wà jù, ìdá 33 sì ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Palẹstínì. Títí di ìgbà náà, kò tíì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún Ísírẹ́lì láti ọdún 25. Bí ará ìlú ṣe ń yí lọ́kàn, ohùn àwọn olóṣèlú kan náà ti ń yí pa dà, pàápàá nínú ẹgbẹ́ Democrat. Bíbélì kò yí pa dà. AIPAC ṣì ní owó rẹ̀. Àwọn olùdìbò ló ń yí.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Nígbàkígbà tí ẹ bá tún tẹ ìròyìn pé aṣòfin Amẹ́ríkà kan sọ̀rọ̀ gbe Ísírẹ́lì tàbí ta kò ó, ẹ bá wa fi ìlà mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀: ìpínlẹ̀ tó ti wá, ohun tí wọ́n ń ṣe jẹun níbẹ̀, àti ọdún tí ìbò rẹ̀ tó ń bọ̀ yóò wáyé. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí alàgbà àti alhaji lè jọ kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ̀pà, Ìpínlẹ̀ Kogí.