Lẹ́tà sáà kejì sí àwọn òbí: ìdí tí àwọn ọmọ fi ń fò, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ní kíláàsì ìwé kíkà

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ. Ẹ ó jèrè wọn o. A kí yín káàbọ̀ sí sáà kejì.

Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àti orúkọ ìwé tí a óò lò wà nínú ìwé pélébé tí a fi sínú báàgì ọmọ kọ̀ọ̀kan, n kò ní tún un sọ níbí. Ìwé kíkà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn kan nínú yín ti bi àwọn olùkọ́ wa léèrè pé kí ló dé tí ọmọ ń ti kíláàsì ìwé kíkà gbé eruku wálé, tó sì ń pàtẹ́wọ́ sí orúkọ oúnjẹ kó tó jẹ ẹ́. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ san owó kí ọmọ lè wá kàwé, ó sì yẹ kí ẹ mọ ohun tí a ń fi àkókò rẹ̀ ṣe.

Àjọ UNICEF ti sọ ọ́ pé ní Nàìjíríà, nínú ọmọ 4 tí ọjọ́ orí wọn wà láti ọdún 7 sí 14, nǹkan bí 3 ni kò lè ka gbólóhùn kúkúrú kó yé wọn. Kì í ṣe àwọn tí kò lọ sílé-ìwé nìkan ni wọ́n ń sọ. Ẹ ṣí ìwé sí ojú ewé tí olùkọ́ ti kà títí, ọ̀pọ̀ ọmọ á kà á geere. Ẹ ṣí ojú ewé tí wọn kò rí rí, ẹnu á wọ́hò. Àkọ́sórí nìyẹn. Ọmọ tí kò dá ìró lẹ́tà mọ̀ dájú á máa fi ìka wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa làágùn, nígbà tó bá fi máa dé ìparí gbólóhùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti fò lọ lórí rẹ̀. Kò lè mọ ohun tó kà, nítorí gbogbo agbára rẹ̀ ti tán sórí lẹ́tà. Ìdí nìyí tí a fi padà sí ìpìlẹ̀, tí a sì ń lo ẹsẹ̀ àti ọwọ́ fi kọ́ ọ.

Ní Pírámárì Kìíní, àwọn olùkọ́ ń fi ṣọ́ọ̀kì ya súwè sílẹ̀, wọ́n á kọ lẹ́tà kan sínú ilé kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ á pe ìró kan, ọmọ á fò sínú ilé rẹ̀, òun náà á pe ìró náà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń kan ilẹ̀. Lẹ́tà Yorùbá kò ju 25 lọ. Lórí gb nìkan ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àmì méjì ni ojú rí, ìró kan ṣoṣo ni ẹnu ń pè. Àwọn tó ti fò ó dáadáa kì í pín gbángba sí g àti b mọ́ tí wọ́n bá rí i nínú ìwé.

Àtẹ́wọ́ tí ẹ ń gbọ́ nílé, sílébù, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń pè lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n fi ń kà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀pọ̀ wọn á pàtẹ́wọ́ mẹ́ta sí òroǹbó náà, àmọ́ mẹ́rin ni, torí ǹ tó wà láàárín dá dúró, ó sì ní ohùn tirẹ̀. N tó parí ìbọn kò rí bẹ́ẹ̀. Imú lásán ló fi kún ìró lẹ́tà ọ tó ṣáájú rẹ̀, kò ní àtẹ́wọ́ tirẹ̀. Ẹ dán an wò pẹ̀lú aláǹgbá lálẹ́ òní.

Ohùn ló gba sùúrù jù. Fún dò, wọ́n á fọwọ́ kan orúnkún. Fún re, ọwọ́ á wà ní ìbàdí. Fún mí, ọwọ́ á lọ sókè. Ní sáà tó kọjá, mo jókòó sẹ́yìn ní Pírámárì Kejì nígbà tí ọmọbìnrin kan ń ka gbólóhùn pé ìyá ra igbá lọ́jà. Ìgbà ló kọ́kọ́ pè é. Ó dúró, ó tún wo àmì orí rẹ̀, ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó nà án sókè, ó sì kà á: igbá. Ẹnikẹ́ni kò tọ́ ọ sọ́nà. Inú mi dùn gan-an, torí ọmọ tó lè gbọ́ pé ohun tí òun kà kò bá ọ̀rọ̀ mu ti ń kàwé nìyẹn.

Àwọn Pírámárì Kẹta ń rìn pẹ̀lú gbólóhùn ni: ìṣísẹ̀ fún ọ̀rọ̀, ìdúró díẹ̀ níbi kọ́mà, ìdúró gbọnin níbi tí gbólóhùn ti parí. Olùkọ́ á kọ́kọ́ kà á, wọ́n á jọ kà á, ọmọ á wá dá a kà, wọ́n á sì tún un kà lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí dájú: fífò nìkan kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé. Bí lẹ́tà kò bá sí níwájú ojú ọmọ, eré lásán ni.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ṣàkóbá fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Lẹ́tà Yorùbá kì í yí ìró padà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ibẹ̀ ni ọmọ ti tètè ń mọ bí wọ́n ṣe ń so ìró pọ̀ di ọ̀rọ̀. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, a ó kọ́ ọ ní ìró Gẹ̀ẹ́sì lórí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́. Ẹ má sọ pé “sáré kà á”. Ẹni tó bá ń sáré á máa méfò ni. Bó bá ṣì í, ẹ jẹ́ kó parí gbólóhùn, kí ẹ tó ní kó tún un wò. Ẹ má lù ú nídìí ìwé. Bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá kàwé, ẹ ní kó sọ ìtàn tó kà fún yín, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè, ìyẹn tó. Ọmọ tó bá ń fún ojú pọ̀ tàbí tó ń ní kí ẹ tún ọ̀rọ̀ sọ nígbà gbogbo, ẹ mú un lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò, kí ẹ sì fi tó wa létí.

Ẹ wọ kánfáàsì fún wọn lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, slípáàsì máa ń yọ̀ lórí súwè. Ilẹ̀kùn kíláàsì Pírámárì Kìíní sí Kẹta yóò ṣí fún yín ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ wá jókòó sẹ́yìn kí ẹ wò wọ́n. Ẹni tí ọjà tàbí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kó ráyè, kó rán ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ wá.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá ilé-ìwé