Lẹ́tà sí Àkànní: bí mo ṣe mú eegun dìde níwájú ilé

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Àwa náà wà ní àlàáfíà, a dúpẹ́. Inú mi dùn pé o wo fídíò tí mo fi ránṣẹ́ dé òpin, ó sì tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí o béèrè pé kí ló wà lábẹ́ eegun òkú oníke tí mo gbé síwájú ilé yẹn tó fi ń dìde. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo fi hàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ. Ìwọ lo fẹ́ mọ ohun tó ń gbé e. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán lórí fóònù, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà.

O ti mọ̀ pé ní 31 oṣù kẹwàá ni wọ́n ń ṣe Halloween níbí lÁmẹ́ríkà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ọmọdé á wọ aṣọ oríṣiríṣi, wọ́n á máa lọ láti ilé dé ilé láti gba súìtì, àwọn onílé á sì ti fi agbárí, ibojì àti eegun ṣe iwájú ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Eegun tí kì í mira ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ tó bá ti rí mẹ́ta kì í wo ẹ̀kẹrin mọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹyọ kan gbé orí, kó yí i sọ́dọ̀ ọmọ náà, wàá rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o dì mú nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ. Mọ́tò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí iná mànàmáná ń yí, kò mọ̀ ju kó máa yí lọ. Àwọn ọ̀pá tó wà láàárín mọ́tò àti eegun, àti bí o bá ṣe jẹ́ kó lọ́ra tó, ni yóò mú kí ẹni tó ń wò ó gbà pé nǹkan náà wà láàyè.

Mọ́tò wáípà ni mo lò, láti ara ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ti tú palẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo tí oníṣẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ ṣàìní, òun ni màá yàn. Wọ́n ṣe é kó lè máa ti rọ́bà lórí gíláàsì nínú òjò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà kì í tètè rẹ̀ ẹ́. (Mary Anderson, obìnrin ará Alabama, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí wáípà ní 1903. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á láti inú ọkọ̀ nígbà náà. Mo máa ń ronú kan obìnrin yẹn nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ hàn ju bó ṣe hàn lọ.) Nínú mọ́tò yìí, irin kan wà tí wọ́n ya ìlà yí ká bíi ti bóòtù, irin náà ló ń ti jíà ńlá kan yí. Jíà yẹn ló ń sọ eré sísá mọ́tò di agbára. Ó tún ní àǹfààní kejì: irin lè yí jíà, ṣùgbọ́n jíà kò lè yí irin padà. Bí iná bá lọ nígbà tí àyà eegun ṣì wà lókè, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí, kò ní já lulẹ̀.

Iná ńkọ́? Fólítì 12 ni wọ́n ṣe mọ́tò wáípà fún, ó sì máa ń yí tó nǹkan bí ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan ní ìpele tó lọ́ra jù. Ìyẹn ti yá jù. Eegun tó bá ń dìde tó ń wólẹ̀ nígbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ ni ojú máa rí, ojú kò ní rí òkú. Páwà inú kọ̀ǹpútà àtijọ́, àpótí tó ń pín iná fún un, ni mo fi yanjú ẹ̀. Wáyà aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀ ń gbé fólítì 12, pupa ń gbé 5, dúdú ni iná ń gbà padà. So wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú, páwà náà á tàn. Mo fún mọ́tò ní fólítì 5, ó wá ń rọra yí, agbára rẹ̀ sì ṣì tó. Má ṣe tú àpótí páwà yẹn fúnra rẹ̀ láéláé o, Àkànní, bó o tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára iná, nítorí àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, lè ṣì gbé iná tó lè ṣe ènìyàn léṣe. Tún ṣàkíyèsí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ara irin mọ́tò wáípà ló jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn ibi tí iná ń gbà padà. Orí pákó ni kí o dè é mọ́, kó má fara kan irin mìíràn.

Ó wá kan ibi tí mo fẹ́ràn jù.

Mọ́tò ń yí po, ènìyàn kì í yí po. Ènìyàn ń nà, ó ń tẹ̀, ó ń dìde, ó ń tẹrí ba. Nítorí náà a ní láti sọ yíyípo di lílọ àti bíbọ̀. Irin pẹlẹbẹ kúkúrú kan ni mo dè mọ́ ojú mọ́tò, ọwọ́ ìyí ni mo ń pè é. Láti ẹnu ọwọ́ ìyí, ọ̀pá kan lọ so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn eegun. Ọ̀pá ẹ̀yìn náà ní oríkèé ní ìbàdí, níbi tí mo ti dè é mọ́ pákó ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ìyí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 7, ọ̀pá gùn ní 25. Láti ìbàdí dé ibi tí ọ̀pá ti so mọ́ ẹ̀yìn jẹ́ 20, láti àárín mọ́tò dé ìbàdí jẹ́ 28. Mi ò ṣàdédé mú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Òfin kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ Franz Grashof, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, pè: ro èyí tó kúrú jù pọ̀ mọ́ èyí tó gùn jù, àròpọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Níbí, 7 àti 28 jẹ́ 35, 25 àti 20 sì jẹ́ 45. Ó yege. Bí kò bá yege, ọwọ́ ìyí kò ní lè yí po tán. Yóò há sójú kan, mọ́tò yóò gbóná, fúùsì yóò já.

Kí o tó gé irin kankan, fi páálí gé ìwọ̀n tìrẹ wò. Kan oríkèé méjì mọ́ pákó, ìyẹn àárín mọ́tò àti ìbàdí, jẹ́ kí méjì yòókù máa rìn fúnra wọn, kí o wá máa fi ìka yí ọwọ́ ìyí. Wàá rí gbogbo ìrìn eegun rẹ níbẹ̀ kí o tó náwó kankan. Mo lè jókòó ti páálí yẹn láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Ìwọ̀n tèmi ń mú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ, ó ń mú un bọ̀, ní nǹkan bíi dìgírì 42. Ó lè dà bíi pé ó kéré lójú rẹ, ṣùgbọ́n orí eegun jìnnà sí ìbàdí ní sẹ̀ǹtímítà 60, nítorí náà orí ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 43. Àmọ́ ọ̀fẹ́ kọ́ ni ìrìn yẹn: kílò kan tó bá wà níbi orí yóò wúwo bíi kílò mẹ́ta níbi tí ọ̀pá ti ń tì í. Ìdí nìyí tí mo fi lo agbárí oníhò tí inú rẹ̀ ṣófo, tí mo fi páìpù rọ́bà ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn, tí mo sì fi sípíríǹgì kan sí ẹ̀yìn kó máa bá mọ́tò gbé e. Ohun mìíràn tún wà. Ibi tí o bá gbé mọ́tò sí lè mú kí ìgòkè pẹ́ ju ìsọ̀kalẹ̀ lọ, tàbí kí ìsọ̀kalẹ̀ pẹ́ ju ìgòkè lọ. Bí ó bá sì ṣe òdì sí ohun tí o fẹ́, pààrọ̀ wáyà méjèèjì, mọ́tò á yí sí òdìkejì. Mo yàn pé kó pẹ́ lórí ìgòkè.

Orí àti ọwọ́ kò ní mọ́tò tiwọn rárá. Sípíríǹgì líle ni mo fi ṣe ọrùn, mo wá so okùn ìpẹja láti ẹ̀gbẹ́ kan agbárí mọ́ pákó ìsàlẹ̀. Bí àyà ti ń gòkè, okùn á le, á fa ojú eegun sí apá ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà bọ̀. Bí àyà bá ń lọ sílẹ̀, okùn á dẹ̀, orí á padà sáyè rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún, mo kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká sílẹ̀ lómìnira. Nígbà tí àyà bá dìde, ìgbọ̀nwọ́ á nà fúnra rẹ̀, ẹni tó ń wò á sì búra pé ọwọ́ ló ń ti ilẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ sí èyí ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ, nítorí kò gbà ju ìṣó kan lọ.

Bóòtù oríkèé, fi nọ́ọ̀tù tó ní rọ́bà nínú dè é, kí o fi wọ́ṣà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó dì síbẹ̀ kó sì lè yí. Nọ́ọ̀tù lásán á tú kí alẹ́ tó lẹ́.

Ní ti ìdúró díẹ̀díẹ̀. Eegun tó bá ń lọ tó ń bọ̀ láìdúró, ojú á mọ́ ọn lára kíákíá. Mo fi Arduino ṣàkóso tèmi, pátákó ẹ̀rọ kékeré tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ivrea ní Ítálì ní 2005, tí ẹnikẹ́ni lè kọ ìlànà sí lórí kọ̀ǹpútà. Ó ń tan mọ́tò, ó ń pa á. Eegun á gòkè dé àárín, á dúró, á wá tún mira díẹ̀, á tún dúró, kó tó dìde tán. Ibi tó dúró yẹn ni àyà ti ń já àwọn ènìyàn, nítorí wọn kò mọ ohun tó kàn. Ohun tó ń jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń mọ ooru ara, PIR ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń tètè rí ẹni tó gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ju ẹni tó ń bọ̀ tààrà lọ. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kó dojú kọ òdìkejì, má gbé e sí ìparí ọ̀nà.

Párì ìsàlẹ̀ ní mọ́tò kékeré tirẹ̀, servo. Ó ń gba àmì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí àmì kọ̀ọ̀kan bá sì ṣe gùn tó ló ń sọ ibi tí párì máa dúró sí. Má fa iná rẹ̀ láti ara Arduino, páwà yẹn ni kí o ti fún un ní fólítì 5, kí o sì so wáyà dúdú ti àwọn méjèèjì pọ̀.

Ara eegun fúnra rẹ̀: ike funfun tí wọ́n ń tà kò jọ òkú, ó ń dán jù. Mo fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo àga nígbà tí wọ́n bá ń kun ilé wé e, mo fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná yọ́ ọ, ọ̀rá náà sì ká mọ́ eegun bí awọ tó ti gbẹ. Lẹ́yìn náà mo fi àkísà nu ọ̀dà igi aláwọ̀ ilẹ̀ sí i lára, kó wọ inú gbogbo ihò. Ìta gbangba ni kí o ti ṣe é, nítorí èéfín ọ̀rá kò dára. Iná ẹyọ kan péré láti ìsàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́, ti tó, kí mọ́tò àti ọ̀pá lè wà nínú òkùnkùn.

Mi ò lè parí láì sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọdé, torí àwọn ni gbogbo èyí wà fún. Ọwọ́ ìyí lè gé ìka. Mo fi pákó bo gbogbo ibi tó ń yí, mo sì to òkúta ibojì yí i ká kí ọwọ́ ọmọ má lè dé ibẹ̀. Fúùsì wà lára wáyà mọ́tò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ìta tí mo lò jẹ́ èyí tó ń pa ara rẹ̀ bí iná tó ń jò bá ti tó nǹkan bíi mílíáńpíà 5. Mo tún fi bọ́tìnnì kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó ń dá eegun dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọn kan ṣì kéré jù fún un. Bí mo bá rí ọmọ tó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, mo máa ń tẹ bọ́tìnnì yẹn kí wọ́n tó dé iwájú eegun. Kí ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ figbe ta kó sì tún sáré padà wá wò ó ni mo fẹ́.

Ìka ọwọ́ ọ̀tún ló kù. Mo fẹ́ kó máa ká bí àyà bá ti ń gòkè, bíi pé ó ń di koríko mú, mi ò sì fẹ́ fi mọ́tò mìíràn kún un. Mo ń rò pé okùn kan tó gba inú páìpù apá kọjá lè ṣe é, bí ó bá rìn dọ́gba pẹ̀lú nínà ìgbọ̀nwọ́, ṣùgbọ́n ibi tí okùn yóò so mọ́ lókè kò tíì yé mi. Ìwọ lọwọ́ rẹ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju tèmi lọ. Ya àwòrán rẹ̀ fún mi, kí o kọ ìwọ̀n sí i, kí o fi ránṣẹ́ kí oṣù tó parí. Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé mo ń gbàdúrà fún wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjàní