Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Aránṣọ Muṣin sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Muṣin

Alága wa ọlọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Àwa aránṣọ Muṣin, àti ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, la kọ ìwé yìí. À ń bẹ̀ yín kí ẹ rán àwọn wolé-wolé lọ sí àwọn ilé ìránṣọ ńlá àdúgbò wa. Alẹ́ ni kí wọ́n lọ, nítorí alẹ́ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́.

Ilé kan wà tó jẹ́ pé àgádágodo ni wọ́n fi ń ti géètì rẹ̀ láti ìta kí aṣọ má baà sọnù. Irin wà lójú fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ rántí Ìkòròdú ní 2002: iná sọ nílé iṣẹ́ kan, ilẹ̀kùn wà ní títì, àwọn tó wà nínú ilé ò rọ́nà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ní Muṣin.

Ọ̀rọ̀ náà kan ọjà wa pẹ̀lú. Òfin AGOA tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2000 gba ọjà ilẹ̀ Áfíríkà láyè láti wọlé láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́: kí wọ́n lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí a má fipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́, kí ibi iṣẹ́ má léwu. Swaziland, orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Eswatini báyìí, kò tẹ̀lé e, Amẹ́ríkà yọ ọ́ ní 2015, ó di 2018 kó tó padà. Àwọn aránṣọ ibẹ̀, tí kì í ṣe àwọn ló ṣẹ̀, ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èyí ló ń dùn wá jù.

Àwọn kan láàárín wa ní ọgbọ́n àtidí wa lọ́jà ni òyìnbó ń dá. Kódà bó bá rí bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, lórí ẹ̀tọ́ àtidá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ láti 1960. Tiwa ni ẹ̀tọ́ yìí.

Nítorí náà, bí wolé-wolé bá rí àléébù, ẹ má ṣe sáré ti ilé náà pa. Ẹ fún onílé iṣẹ́ ní gbèdéke láti ṣe ilẹ̀kùn kejì, kí òṣìṣẹ́ máa gbowó rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa, kí ẹ fún un ní ìwé ẹ̀rí tí yóò lè fi han oníbàárà tó ń kó aṣọ lọ sókè òkun. Ẹ má sì bu owó ìwé náà lé àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké lórí.

Àwa fúnra wa yóò mú àwọn wolé-wolé dé ẹnu géètì. Ẹ kàn dá ọjọ́ fún wa.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, fún àwọn aránṣọ Muṣin